Ahọ́n Ìyá Ọkọ Mi àti Kànga Ẹ̀yìnkùlé

Kò sí ohun tí ìyá ọkọ mi kì í fi ahọ́n tọ́ wò. Ọbẹ̀ ni o, ọṣẹ ni o, iyọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ọjà'ba ni o, Ìyá á kọ́kọ́ fi kan ahọ́n kí wọ́n tó dá sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé bí ìyàwó ní agboolé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ mi tán lẹ́nu ọ̀nà ni mo yọjú wò lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò mí lórí. Kí ni mo rí? Ìyá ni, wọ́n ti ìka bọ omi tó ṣẹ́kù nínú igbá, wọ́n lá a, wọ́n mi orí.

"Omi kànga wa ni," ni Ìyá wí. "Mo rò pé àwọn ọ̀lẹ yìí ti lọ pọn ti odò ni."

Ẹ̀rín gbé mi, mo sì gbé e mì, nítorí ẹkún ni ìyàwó ń sun lọ́jọ́ náà, kì í rẹ́rìn-ín.

Aláró ni Ìyá. Àwọn ni olórí àwọn obìnrin tó ń rẹ aṣọ ní agboolé náà, ìkòkò aró sì tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo ń wí yìí, òmìnira kò tíì dé, eérú ni wọ́n sì fi ń ṣe aró. Wọ́n á jó igi àti èèpo kòkó di eérú, wọ́n á kó o sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, wọ́n á da omi lé e lórí, omi náà á sì máa ro tó, tó, tó sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ló ń jẹ́ kí ewé ẹ̀lú mú aṣọ. Bí kò bá le tó, aró ò ní mú. Bó bá le jù, aṣọ á gbó. Báwo lẹ ṣe máa wá mọ èyí tó tó? Ahọ́n Ìyá ni. Wọ́n á ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á lá a, wọ́n á dijú bí ẹni ń gbàdúrà.

"Ó ku ọjọ́ kan."

Ó ku ọjọ́ kan náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ jiyàn.

Kànga kan ṣoṣo ni gbogbo agboolé ń mu, ẹ̀yìnkùlé náà ló sì wà, ní apá òkè. Òfin Ìyá lórí rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé omi aró kọjá lẹ́bàá kànga. Gbogbo omi tí a ti lò tán, ìsàlẹ̀ pátápátá la ń gbé e lọ, sí kòtò kan tó wà nídìí ògiri tó ti wó. Ó jìnnà. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà ibẹ̀ á máa yọ̀ bí ilá, àìmọye ìgbà ni mo sì fi ìdí jókòó sí i tèmi ti igbá aró lórí.

Èmi náà rèé, ọmọ tíṣà láti Oníyanrìn, tó kàwé mẹ́fà jáde, tó lè kọ lẹ́tà kó sì kà á. Ẹnu mi kì í sinmi. Mo sì fẹ́ kí Ìyá fẹ́ràn mi débi pé n kì í lè sọ òótọ́ fún wọn. Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n tọ́ wò, iyọ̀ ti pa á kú.

"Ìyàwó, báwo lọbẹ̀?"

"Ó dùn gan-an, Ìyá."

Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù, wọ́n wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ahọ́n ìyàwó mi yìí, kò sí ohun tí kò dùn ún."

Kí àwọn ìyàwó ilé yòókù má gbọ́ ṣá! Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń kọjá lọ, ọ̀kan á bi èkejì pé, "Báwo ló ṣe rí?" gbogbo wọn á sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó dùn gan-an, Ìyá!" Ẹ̀rín ni mo fi ń gbà á, àmọ́ ó ń dùn mí. Mo ń wá ohun ńlá tí n ó ṣe tí wọ́n á fi mọ̀ pé ọlọ́pọlọ ni mí.

Mo rí i ní Gbági. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ funfun ló sọ fún mi pé àwọn aláró tó lajú kò jó eérú mọ́, sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ni wọ́n ń lò. Ẹ pò ó mọ́ omi, ó parí, kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́ aró ti dé. Háà! Mo ra agolo kan lójú ẹsẹ̀. Láti Gbági dé Bẹ́yẹrúnkà, n kò mọ̀ bóyá mo rìn tàbí mo fò. Ìyàwó wo ló tún gbọ́n tó mi n'Ìbàdàn?

Ìyá yí agolo náà síwá sẹ́yìn. "Ohun tí eérú ń fi ọjọ́ márùn-ún ṣe, kí ni yìí á fi wákàtí kan ṣe é? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o, ìyàwó."

"Ìyá, ó dára gan-an!"

Mo da sódà sómi. Ó ń hó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná lábẹ́ rẹ̀! Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́, èmi náà ju ìdí. Àwòrán orí òkú wà lára agolo náà o. Mo rí i. Mo ní òyìnbó kàn fi ń lé olè ni. Mo wá yíjú láti mú igi tí n ó fi rò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà tí mo fi yíjú yẹn náà ni Ìyá ti ìka bọ omi sódà, tí wọ́n fi lé ahọ́n, tí wọ́n dijú.

"Yéè!"

Ìyá fò sókè bí ọmọge. Igbá dànù, àga wó. A bu omi sí wọn lẹ́nu, a tún bu òmíràn, ọkọ mi sì gbé wọn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ó di dìsípẹ́ńsárì. Nígbà tí wọ́n padà dé, ahọ́n wọn ti wú, ó kún ẹnu. Ẹni tó tọ́jú wọn ní wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó mi mọ́. Ìyá nàka sí agolo, wọ́n nàka sí mi, wọ́n wá fa etí ara wọn. Ó yé mi yékéyéké: wọ́n ti kìlọ̀, n kò gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì láìgbọ́ ohùn Ìyá! Ẹni tó máa ń bú wa láti ìdájí títí di alẹ́ wá ń fi ojú bú wa, ojú náà sì múná ju ẹnu lọ. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, èmi ni wọ́n ń pè. Bí wọ́n bá pa á lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀lẹ ni mí. Bí bàtà bá fò kọjá létí ẹni, a jẹ́ pé ẹni náà ti pẹ́ jù. Gbogbo ilé kàn ń rẹ́rìn-ín kiri bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà wọn kò wá.

Sódà náà kúkú ṣiṣẹ́. Aṣọ tó ti inú ìkòkò yẹn jáde dú, ó ń dán. Ìyá na apá kan rẹ̀ sí oòrùn, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n sì mi orí sí mi pé kí n máa bá a lọ. Ah, ayé yẹ mí! Kò sẹ́ni tó tún ń sọ pé ó dùn gan-an fún mi mọ́. Ohun tí a ń rẹ lọ́sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méjì ti tó o. Èmi ni mo ń pàṣẹ, èmi ni mo ń lé orin.

Àmọ́ bí aṣọ bá pọ̀, ìdọ̀tí aró náà á pọ̀. Òjò sì dé. Ta ló fẹ́ gbé igbá ogún lọ sí kòtò ìsàlẹ̀ nínú ẹrẹ̀? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mélòó kan wà lẹ́yìn kànga, bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá síbẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, Ìyá wà ní ìyẹ̀wù. Mo sọ fún àwọn ìyàwó yòókù pé, "Ẹ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí, ilẹ̀ á mu ún." Ilẹ̀ sì mu ún lóòótọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi tí mo da omi sódà sẹ́yìn kànga, kí ni mo rò pé n ó mu?

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ rọ. Mo ní òjò ló pọ̀ jù. Ọkọ mi kékeré, ọmọ ọdún méjì tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ omi, bí a bá fi lé e lẹ́nu á máa ké. Mo ní eyín ló ń hù. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Alfa ti mọ́sálásí dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Bàbá Alfa ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, àwọn sì ni àgbà ilé. Irùngbọ̀n wọn gùn, ó funfun bí òwú, wọn a sì máa fọ̀ ọ́ gidigidi bí wọ́n bá ń ṣe àlùwàlá. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní gbogbo èrò ẹ̀yìn ń wo àwọn ṣáá lónìí, bóyá wáàsí àná ló wọ̀ wọ́n lára. Mo gbójú sókè. Irùngbọ̀n Bàbá Alfa ti di aró rẹ́súrẹ́sú! Kì í ṣe díẹ̀ o, láti àgbọ̀n dé àyà! Obìnrin kan rí i, ó sá wọlé. Èkejì fi ìró di ẹnu. Èmi ò tiẹ̀ lè sá, mo ṣubú sórí ẹní, mo ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Bàbá Alfa ń bi wá pé kí ló dé, bí wọ́n bá ti mi àgbọ̀n ni ẹ̀rín tún ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ̀rín náà ṣì ń pa mí ni ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí mi lọ́kàn. Omi wo ni Bàbá Alfa fi ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀màrún lójúmọ́? Omi wo ni ọkọ mi kékeré ń kọ̀? Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo lọ síbi ọmọ náà, mo fà á ní àgbọ̀n, mo wo ẹnu rẹ̀. Ó pọ́n, ó bó. Èmi ni mo ṣe é.

Kò sẹ́ni tó tíì fura o. Mo lè dákẹ́, kí n rọra padà sí kòtò ìsàlẹ̀. Àmọ́ omi ló wà níbẹ̀ yẹn, ọmọ ń mu ún. Wolé-wolé náà ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń yẹ kànga àti ìkòkò omi wò lójúlé dé ojúlé. Bó bá rí i, á ní kí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí kànga náà, orí Ìyá ni ẹ̀bi á sì dé. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, mo ka gbogbo rẹ̀, láti orí igbá àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Ojú Ìyá ń tóbi sí i bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ń retí bàtà. Bàtà ò dé. Wọ́n dìde, wọ́n fa omi, wọ́n fi ìka méjì ra á wò. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mo rò pé wọ́n á tọ́ ọ wò, wọn kò tọ́ ọ. Mo ní bóyá ahọ́n ṣì ń dùn wọ́n.

Ìyá yíjú sí agboolé. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde lẹ́nu wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ọ ní Màpó.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu omi yìí mọ́!"

Ẹ wá wo iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì! Àwọn ọkùnrin gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ aró náà lọ jìnnà. Àwa obìnrin tò láti kànga dé kòtò ìsàlẹ̀, garawa ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́. Ẹnì kan yọ̀ ṣubú, ó fa ẹni tó tẹ̀ lé e, ìyẹn fa èmi, a sì nà gbalaja sínú ẹrẹ̀. Dípò kí a dìde, ẹrẹ̀ ni a ń jù lura wa. Bàbá Alfa tó ti fá irùngbọ̀n ń dárò àgbọ̀n wọn, wọ́n ní òtútù ń mú un. Inú eré yìí ni wolé-wolé bá wa, pẹ̀lú ṣòkòtò kákí àti ìwé rẹ̀. A ju ẹrẹ̀ ọwọ́ wa sílẹ̀.

"Ta ló ba kànga yìí jẹ́?"

Mo fẹ́ dìde nínú ẹrẹ̀. Ìyá ti bọ́ síwájú mi.

"Èmi ni ìyá aláró ilé yìí. Ohun tó bá ti inú ìkòkò aró jáde, èmi ni kí ẹ bi."

Wolé-wolé yẹ ibẹ̀ wò, ó kọ̀wé. Ó ní kí a gbọ́n ọn gbẹ, kí ó sun, kí a tún gbọ́n ọn, òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí omi náà kò bá dára lọ́jọ́ náà, yẹ̀pẹ̀ ni. Títí di Sátidé, Ọjà'ba ni a ti ń pọn omi ẹ̀rọ. A ń tò láti ìdájí, ọrùn ń ro wá, ẹ̀rín náà sì dín kù díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ojú wà lára kànga. Tí wọ́n bá dí i, báyìí la ó ṣe máa gbé ayé wa nìyẹn, iṣẹ́ aró sì ti tán, nítorí ta ló máa ru omi aró láti Ọjà'ba?

Sátidé pé. Omi tó sun mọ́ gaara, ó ń dán nínú igbá. Wolé-wolé ní òun kò ní fi ẹnu ara òun dán an wò, ìyàwó kan ṣoṣo lòun ní, òun kò sì fẹ́ kó di opó. Gbogbo agboolé kọjú sí Ìyá. Wọ́n gba igbá, wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n lá a, wọ́n dijú. Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n fà mí mọ́ra bí ẹni fẹ́ tún ìró mi so, wọ́n sì sọ sí mi létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"N kò mọ̀ ọ́n mọ́. Láti ọjọ́ yẹn. Iyọ̀ ni o, ìrèké ni o, bákan náà ni."

Ahọ́n yẹn! Ahọ́n tí gbogbo Bẹ́yẹrúnkà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, èmi ni mo fi agolo kan pa á, Ìyá kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá gbóhùn sókè.

"Ìyàwó mi ni yóò tọ́ ọ wò."

"Ta ni? Ó dùn gan-an?" ni ẹnì kan wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé igbá lé mi lọ́wọ́. Mo tọ́ ọ wò. Kò le, kò ta, ẹlòmíràn á mu ún kò ní fura. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, lẹ́yìn ahọ́n pátápátá, kíkorò kan bíńtín. Mo wo wolé-wolé àti ìwé rẹ̀. Mo wo àwọn obìnrin tí ọrùn ń ro, tí gbogbo wọn ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n sọ ohun tí mo máa ń sọ. Mo wo ọkọ mi kékeré lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ó ṣì korò, Ìyá."

Ariwo ta! Ẹnì kan ní orí mi ò pé, òmíràn káwọ́ lérí. Wolé-wolé wò mí, ó wo omi tó mọ́ gaara nínú igbá, ó tún wò mí.

"Ẹni tó bá fẹ́ pa irọ́, ìsinsìnyí ni ì bá pa á," ló wí. "Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rin sí i."

Ìyá tún ìró wọn so, wọ́n lọ mú okùn, wọ́n ju garawa sí kànga. A tún gbọ́n ọn. Ó sun, a tún gbọ́n ọn. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n bu omi wá fún mi níwájú wolé-wolé àti gbogbo ilé. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un tọ́ wò. Mo fi í sẹ́nu pẹ́, mo wá a kiri, n kò rí i mọ́.

"Ó dùn, Ìyá," ni mo wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá gba igbá lọ́wọ́ mi. Wọn kò ti ìka bọ̀ ọ́, wọn kò dijú. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n mu ún gbẹ láì mí, wọ́n sì na igbá òfìfo náà padà sí mi.

"Bù sí i," ni wọ́n wí.